Wúrà àti Ìjókòó Iwájú Nínú Ọkọ̀ Creekmouth

Bí ẹ bá pàdé Wúrà Akínrẹ̀mí lójú títì ní Parsloes, ẹ lè kọjá lára rẹ̀ kí ẹ má tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kéré lára, ó pupa díẹ̀, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà tó bá lanu ni ẹ óò mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, torí London kò tíì rí ìyẹn mú kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Barking. Ẹnu ọ̀nà la ti máa ń bọ́ bàtà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó bọ́ tirẹ̀, ó wo gbogbo bàtà tó wà nílẹ̀, ó wá bi mí léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ṣọ́ gbogbo eléyìí? Lọ́dọ̀ wa, ẹ ó ti fẹsẹ̀ lásán relé.” Mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orin. Láti ọjọ́ yẹn la ti mọ́ra.

Télọ̀ ni nílé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tí àwọn ẹbí ọkọ ní kó kó jáde, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ta ilẹ̀ kékeré tó kù fún un, ó sì mú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Tiwaladé, wá sílùú òyìnbó. Iṣẹ́ kíkẹ́ arúgbó ló bá wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè má mọ bó ṣe ń rí. Ilé-iṣẹ́ tó mú èèyàn wá ló ń dúró fún un lọ́dọ̀ ìjọba, òun ni wọ́n ń pè ní sipọ́nsọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá lé e, físà rẹ̀ ti mì nìyẹn. Ìjọba á fún un ní ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ láti wá ẹlòmíì tó máa gbà á. Bí kò bá rí, kó palẹ̀ mọ́. Wúrà kò sì ní ibi tó fẹ́ palẹ̀ mọ́ lọ. Yàrá kan kò sí tí wọ́n fi pamọ́ dè é ní Ìjẹ̀bú. Tiwaladé ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń múra fún ìdánwò àṣejáde, ìdánwò tó jẹ́ pé bí ó bá fi í sílẹ̀ láàárín, gbogbo ìwé tó ti kà níbí di asán.

Ìyẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn bí mo ṣe ń sọ ìyókù.

Ilé-iṣẹ́ kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ wà, n kò ní dárúkọ wọn. Ọ́fíìsì wọn wà ní Creekmouth, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà níbi tí odò Roding ti ń wọnú Thames. Láàárọ̀ kùtù, a ó wọ bọ́ọ̀sì láti Barking lọ síbẹ̀, a ó gba ìbọ̀wọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ á wá máa já wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà àwọn arúgbó, láti Parsloes títí dé Valence. Alàájì Ṣùáíbù ló ń wa ọkọ̀ náà, ọmọ Ìsẹ́yìn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán. Ó tó bí Wúrà lọ́mọ dáadáa.

Tẹ́lẹ̀, ibi tó bá wù wá la ń jókòó. Nígbà tí òtútù dé ni máníjà wa, obìnrin òyìnbó kan tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa, wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ kan ń ṣàròyé pé oúnjẹ inú báàgì wa àti òróró tí à ń fi sírun ń rùn. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tó bá wà lórí sipọ́nsọ̀, ìlà kẹta títí dé ẹ̀yìn ni kó máa jókòó. Ó ní ètò lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe nǹkan kan.

Àwa dúdú ló kù sẹ́yìn. Hítà ọkọ̀ kò dé ibẹ̀. Rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ya, atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ wọlé á mú èèyàn létí bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Karimot, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti dé ìlú yìí láti kékeré, tó ní ìwé ìlú, tí ọ̀rọ̀ físà kò kàn rárá, lọ jókòó níwájú lọ́jọ́ kejì. Máníjà ní kó bọ́ sẹ́yìn. Karimot ní òun kò sí lórí sipọ́nsọ̀ kankan. Máníjà ní òun mọ̀, kó ṣáà bọ́ sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ọmọbìnrin òyìnbó kan dé láti South Africa, orí sipọ́nsọ̀ lòun náà wà bíi ti Wúrà. Ẹ̀gbẹ́ hítà ni wọ́n fi í sí. Kò sẹ́ni tó tún ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

A kùn, a kùn ní Yorùbá wa lẹ́yìn níbẹ̀. Karimot ní a ti di òkú Èkó, pé inú fírísà ni wọ́n ń kó wa sí, kí a má bàa bàjẹ́ kí a tó dọ́jà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wúrà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ló dì mí lọ́wọ́ mú.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “mò ń wẹ̀ fún Dávídì láràárọ̀, mò ń nu ìdí ẹ̀, ó máa ń dì mọ́ mi lọ́rùn kó tó lè dìde. Kò sọ ọ́ rí pé mò ń rùn. Ṣé inú ọkọ̀ nìkan ni mo ti ń rùn ni?”

Dávídì ni bàbá arúgbó òyìnbó tó ń tọ́jú ní Valence. Kò ní ìyàwó mọ́, ọmọ rẹ̀ kan wà lókè òkun. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fá irùngbọ̀n òun bí kì í bá ṣe Wúrà.

Lọ́jọ́ kejì, Wúrà jókòó síwájú. Máníjà sọ fún Alàájì pé kò gbọdọ̀ gbéra títí obìnrin yẹn á fi lọ sí àyè rẹ̀. Wúrà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kí máníjà káàárọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì ìlú. Ó pẹ́ kó tó dé Valence. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ohun kan náà ló ṣe, àti ọjọ́ tó tẹ̀lé ìyẹn. Á wọlé, á jókòó síwájú, wọ́n á ní kó dìde, á bọ́ sílẹ̀. Kò gbóhùn sókè lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ń dùn mí ni pé bó bá ti bọ́ sílẹ̀ báyìí, ọkọ̀ á gbéra, àwa á máa fi gíláàsì ẹ̀yìn wò ó nínú òjò, á sì máa juwọ́ sí wa.

Ni wọ́n bá pè é sínú ọ́fíìsì. Wọ́n ní ó ń pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́, àti pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn kò ṣe sipọ́nsọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó sọ fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo ní kó ro ọmọ rẹ̀. Ó ní ọmọ òun gan-an lòun ń rò.

Alàájì fúnra rẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó dúró síta títí a fi jáde, ó ní òun fẹ́ rí Wòlíì. Wòlíì Adéyanjú gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní ó dáa, kí gbogbo wa jọ lọ bẹ ọmọ náà. Báyìí la ṣe kó ara wa lọ sí yàrá Wúrà, Wòlíì nínú sùtánà funfun, Alàájì nínú jálàbíà, èmi lẹ́yìn wọn. Yàrá kan ni, lókè ilé ẹlòmíì, kò jìnnà sí páàkì Parsloes. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan tí ìwé Tiwaladé bò mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí kò sí ibòmíì.

Wòlíì sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Ó ní Ọlọ́run kì í wo ibi tí èèyàn jókòó sí nínú ọkọ̀. Alàájì ní òun náà mọ̀ pé ìyà ni, àmọ́ wọ́n ti sọ fún òun pé bí òun kò bá lè kápá àwọn èèyàn òun, wọ́n á wá awakọ̀ míì, àti pé ta ló fẹ́ gba arúgbó bíi tòun síṣẹ́ mọ́? Tiwaladé wà lórí àga níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa bíi pé ó ń kàwé. Ló bá yíjú padà.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sẹ́yìn. Ọkọ̀ lásán ni. Ìdánwò mi ńkọ́?”

Wúrà wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà méjèèjì, ó tẹrí ba, kò sọ nǹkan kan. Ẹ mọ bó ṣe ń rí láàárín wa. Bí àgbà bá bẹ ọmọdé, tí ọmọdé sì kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Wòlíì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà, Alàájì ṣe àmín lákọlákọ. A mu mọ́ọ̀tì tí Tiwaladé lọ rà wá. Alàájì kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó ti fi fóònù pe máníjà pé àwọn ti yanjú rẹ̀, pé wàhálà kò sí mọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Wúrà wọ ọkọ̀, ó jókòó síwájú.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ojú Alàájì fún yín. Máníjà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, ó ń wo Alàájì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà bínú sí Wúrà. Ó kàn rọra yíjú sí mi, ó ní àgbà ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí òun fi kúnlẹ̀, ẹnu òun kò sì sọ ọ́ pé òun gbà.

Alàájì dìde nídìí ọkọ̀. Ó wá sáàárín, níbi tí ojú ọ̀nà ti há, ó ṣí fìlà rẹ̀. “Wúrà ọmọ mi,” ó ní, “mo fi irùngbọ̀n yìí bẹ̀ ọ́. Wọ́n á lé mi.” Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ba, ó na ọwọ́ sílẹ̀, bàbá arúgbó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, níṣojú gbogbo wa. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Karimot ní, “Yéè, Alàájì.”

Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ tí Wúrà fi já bọ́ lórí ìjókòó, ó kúnlẹ̀ gbì sáàárín ọkọ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì bàbá náà mú.

“Ẹ má ṣe é, Alàájì. Ẹ ò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi.”

“Dìde nígbà náà, kí o lọ sẹ́yìn.”

“Mo kúnlẹ̀ fún yín, sà. Títí alẹ́ ni mo lè wà níbí. Ẹ̀yìn ni n kò lè lọ.”

Kò sì dìde. Àyè tó kúnlẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó lè kọjá lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ọkọ̀ kò sì lè gbéra pẹ̀lú èèyàn nílẹ̀ láàárín. Máníjà pariwo pé kí wọ́n gbé e kúrò. Kò sẹ́ni tó mira. Nígbà tó yá, Karimot dìde lẹ́yìn, ó lọ jókòó sórí ìjókòó tí Wúrà fi sílẹ̀. Èmi náà dìde. Bí gbogbo wa ṣe kó wá síwájú nìyẹn, àwọn kan jókòó, àwọn kan dúró. Ọmọ South Africa yẹn gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sún fún mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo.

Máníjà ní kí Alàájì máa wakọ̀ lọ, kó má wo ẹnikẹ́ni. Alàájì pa ẹ́ńjìnnì. Èdè òyìnbó rẹ̀ kì í ṣe èyí tó dán, àmọ́ gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó ní, “Mádáàmù, ọmọ yìí wà lórí ìkúnlẹ̀ fún mi. N kò lè wakọ̀ lórí ìyẹn. Níbi tí wọ́n ti bí mi, a kì í ṣe é.” Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀.

A wà níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ kedere. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lọ sí àwọn ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ń fọn fèrè sí wa. Mo rò pé Sáàmù ni Wúrà ń kà sínú, torí ètè rẹ̀ ń mì. Mo tẹ̀ ba mọ́ ọn. Ohun tó ń sọ ni pé, “Dávídì á ti jí o. Ẹ̀gbọ́n, á ti jí, kò sì tíì mu nǹkan kan.” Ó gbójú sókè, ó bẹ máníjà pé kó jọ̀ọ́, kó fi mọ́tò kékeré tirẹ̀ tó wà níta rán ẹnì kan sí bàbá náà lásán, pé òun á ṣì wà níbí. Máníjà ní bí ọ̀rọ̀ bàbá náà bá dùn ún, kó dìde kó lọ bá a.

Mo rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Orúnkún rẹ̀ kan ti kúrò nílẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tún wo Alàájì, ó wá dá orúnkún náà padà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ tó ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, kò sì nù ún.

Fóònù tó ń dún nínú ọ́fíìsì ló mú ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́, ẹni tó ga ju máníjà lọ, jáde. Àwọn ẹbí arúgbó ní Parsloes àti ibòmíì ti ń pè, wọ́n ń béèrè ẹni tó yẹ kó ti dé. Ọ̀gá àgbà wọnú ọkọ̀, ó wo obìnrin tó wà nílẹ̀, ó wo gbogbo wa tó rọ́ síwájú. Ó ní kí oníkálukú jókòó síbi tó bá wù ú, kí ọkọ̀ ṣáà lọ. Èmi àti Karimot la gbé Wúrà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tán.

Nílé Dávídì, Wúrà fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, mo tẹ̀lé e wọlé torí kò lè rìn dáadáa. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ti bá bàbá náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti dúró títí, kò gbọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní kí òun dá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Itan rẹ̀ ti kán. Wúrà jókòó sílẹ̀, ó gbé orí bàbá náà lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí áńbúláǹsì fi dé. Bàbá náà kò bínú. Ó kàn ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé òun rò pé Wúrà ń ṣàìsàn ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ibi tó bá wù wá la ń jókòó nínú ọkọ̀ Creekmouth. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n ti pa òfin náà rẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún ní kí a bọ́ sẹ́yìn. Alàájì ṣì ń wakọ̀. Wúrà ni wọ́n lé. Wọ́n ní òun nìkan ló dá ọkọ̀ dúró, pé òun ló jẹ́ kí arúgbó kan ṣubú, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìjọba bẹ́ẹ̀. Karimot mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lórí òfin. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní ó máa jàre, ẹjọ́ rẹ̀ lágbára. Wọ́n wá ní kí ilé ẹjọ́ tó pè é, yóò pẹ́ gan-an, pé físà rẹ̀ á ti parí tipẹ́. Ó lè gbọ́ nílé ní Ìjẹ̀bú pé òun ti jàre.

A ti wá sipọ́nsọ̀ míì káàkiri. Mo ti bá a dé ilé arúgbó tó pọ̀ ní Dagenham, mo jókòó síta tí wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ nínú. Mo ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, pé kó ní iṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀ jìnnà ni. Kì í sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti bi í ìdí tó fi kúrò, á sọ bó ṣe rí, láti orí òórùn títí dé orí Dávídì. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní àwọn á pè é. Fóònù yẹn, inú àyà ló ń gbé e sí nísinsìnyí, kó má bàa dún kó má gbọ́.

Ó lọ wo Dávídì ní ọsibítù. Bàbá náà bi í léèrè ìdí tí kò fi wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wúrà ní ọkọ̀ ni kò tètè gbéra. Nígbà tí a ń bọ̀, ó sọ fún mi pé bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ, bóyá òun lòun ṣẹ́ ẹ nítan. Mo ní irọ́ ni, ẹni tó ní mọ́tò níta tí kò rán an ló ṣẹ́ ẹ. Ó gbọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé kò wọ̀ ọ́ létí.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé agídí ló pa á. Èmi wà nínú ọkọ̀ yẹn, mo sì ń jókòó síwájú báyìí, mi ò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Tiwaladé kọ̀ láti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi sú gbogbo wa. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò báyìí. Ìwé ìjọba ti dé, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn láti kúrò nílùú bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò tó kẹ́yìn. Ọmọ náà ṣì ń kàwé fún ìdánwò yẹn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á wá jókòó nídìí tábìlì mi, á kà á bíi pé ó máa ṣe é. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ sínú àpótí, á kó wọn jáde, á tún ká wọn padà.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á bá mọ ilé arúgbó kan, níbikíbi nílùú yìí, ì báà jìnnà, tí wọ́n ṣì ń ṣe sipọ́nsọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá èmi, Ìyá Jésùfẹ́mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking. Ọwọ́ Wúrà mọ́, ó mọ arúgbó tọ́jú. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa sọ. Ẹ tètè, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkókò kò sí mọ́.